Araromi-Obu ni wọ́n ti hun kúbùsù, London ni òtútù wà

Tẹ́ ẹ bá wọ pálọ̀ màmá yìí ní Araromi-Obu, kí wọ́n tó bu omi fún yín, orí àga lojú yín máa kọ́kọ́ lọ. Kò sí àga kan níbẹ̀ tí kò wọṣọ. Ẹ̀yìn àga ní tiẹ̀, ibi ìgbọ́wọ́lé ní tiẹ̀, tẹlifíṣàn tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ látọjọ́ tó ti pẹ́ gan-an ní aṣọ funfun kan tó tẹ́ lé e lórí. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi hun gbogbo ẹ̀. Kúróṣè ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó ní ìwọ̀ lórí, tí wọ́n fi ń fa òwú látinú ojú kan bọ́ sínú òmíràn. Ẹ má fi wé nítíìnì o, abẹ́rẹ́ méjì ni tìyẹn.

Modern School ló ti kọ́ ọ, láyé ìgbà tí ọmọbìnrin kì í jáde iléèwé láìmọ bí wọ́n ṣe ń gán bọ́tìnì àti bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ orí tábìlì. Nígbà tó délé ọkọ, àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ oko rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í gbéṣẹ́ fún un. Bí wọ́n bá bímọ ládùúgbò, ṣọ́ọ̀lù ọmọ, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀ náà ni. Fún ìdí èyí, tẹ́nì kan bá sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tó máa jókòó síwájú ọmọ kékeré kan tó ń kọ́ṣẹ́ irun dídì, tí ọmọ yẹn á máa sọ fún un pé, "Màmá, ẹ tú u, kò rí bẹ́ẹ̀," àfàìmọ̀ kó má fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ẹ̀ gún onítọ̀hún.

Ohun tó sì padà ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ọmọ ẹ̀ obìnrin tó wà ní Peckham, nílùú London, ló lóyún. Oyún àkọ́kọ́ ni, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tó ti wà nílé ọkọ. Oṣù kejìlá ni wọ́n dá fún un. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń ṣàlàyé ìyókù fún: tí ọmọ bá bímọ, ìyá á lọ bá a wẹ̀ ẹ́, á jó o lómi gbígbóná, á se ọbẹ̀ ata, á gbé ọmọ lóru kí ìyá ọmọ lè rí oorun díẹ̀ sùn. Màmá ti ra àpótí. Ó ti lọ èlùbọ́, ó ti gún ata gbígbẹ. Físà ni ò jáde. Ìwé pélébé kan ni wọ́n fi dá a lóhùn, pé kò dá àwọn lójú pé ó máa padà sílé. Obìnrin tó ní ilé, tó ní oko kòkó, tí wọ́n fi joyè nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ! Kí ló fẹ́ lọ jókòó ṣe síbẹ̀?

Kò sunkún lójú ẹnì kankan. Ó tú àpótí, ó da èlùbọ́ padà sínú ike, ó wá wá abẹ́rẹ́ kúróṣè ẹ̀ jáde. Ó ní tóun ò bá lè lọ, ohun tó máa bo ọmọ náà lára á lọ.

Òtútù wá lọ̀rọ̀ náà dá lé lórí, òtútù yìí náà ni Màmá ò sì mọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó ni Araromi-Obu wà, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ọ̀rẹ̀ tí gbogbo onímọ́tò Èkó sí Benin mọ̀ ni olú-ìlú wọn. Ilẹ̀ igbó ni, ilẹ̀ òjò, ilẹ̀ kòkó àti rọ́bà. Òtútù táwọn ará ibẹ̀ mọ̀ ò kọjá ti ọyẹ́. Lásìkò yẹn, ewé igi rọ́bà á ti máa wọ́ dànù, àwọn tó ń kọ rọ́bà á jáde ní ìdájí pẹ̀lú súwẹ́tà àti fìlà wúùlù, wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn sí àtẹ́lẹwọ́. Kó tó di aago mẹ́wàá, wọ́n á ti bọ́ súwẹ́tà so mọ́dìí. Ti London kọ́ nìyẹn. Lóṣù kejìlá níbẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lè má tíì lù kí oòrùn tó wọ̀, òtútù ò sì ní lọ bó o tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ohun tí Màmá kọ́kọ́ hun ni ṣọ́ọ̀lù tó ti ń hun fáwọn ọmọ àdúgbò látọdún gbọọrọ, èyí tó ní òdòdó láàárín, tó dá ihò sí lára yíká. Ó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọ ẹ̀ pè é.

"Màámi, ẹ ṣeun. Ó rẹwà gan-an. Àmọ́, ẹ má bínú o, atẹ́gùn ibí á gba inú ẹ̀ kọjá."

"Atẹ́gùn wo? Irú ẹ̀ ni mo fi bo ìwọ náà."

"Araromi lẹ ti fi bò mí, Màámi."

Ló bá fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Kúbùsù ọmọ ni, ó nípọn, ojú ẹ̀ ò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìlà tó dìde lóròó àti ìlà tó dìde níbùú pàdé ara wọn, kòtò onígun mẹ́rin wá wà láàárín, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kòtò bẹ́ẹ̀. "Waffle stitch" làwọn òyìnbó ń pè é, torí pé ó jọ àkàrà wọn kan tó ní kòtò kòtò lójú. Màmá ò mọ àkàrà yẹn. Afárá oyin ló rí. "Ṣé iṣẹ́ afárá yìí náà ni?" ló wí. "Kí ló wà níbẹ̀?"

Ohun tó wà níbẹ̀ ò kéré.

Wọ́n fi àlàyé ẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, gẹ̀ẹ́sì ni, ìlà sí ìlà. Màmá gbé gíláàsì ojú ẹ̀ wọ̀, ó kà á bíi Bíbélì, ó sì ń ṣe ohun tó kà. Wọ́n ní kó ṣe dọ́bù, ó ṣe dọ́bù. Wọ́n ní kó ki abẹ́rẹ́ yí ọrùn dọ́bù tó wà nísàlẹ̀ po, ó fipá kì í, abẹ́rẹ́ ò fẹ́ wọlé. Nígbà tó fi máa dé ìlà kẹfà, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ le bí ẹní, etí ẹ̀ ká jọ, kò sí afárá kankan lójú ẹ̀. Ó tú u. Ó tún un hun. Ó tún tú u. Ìgbà kẹta, òwú náà ti ń yọ irun. Ọjọ́ yẹn ni inú bí i tó fi sọ pé àwọn tó kọ ọ́ ò mọ̀ ọ́n kọ.

Ìyẹn ló gbé ọmọ onírun wá sínú ọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin náà ń kọ́ṣẹ́ irun dídì ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ilé Màmá. Lọ́dọ̀ àwọn onídìrí, kúróṣè tún ní ìtumọ̀ mìíràn. Abẹ́rẹ́ oníwọ̀ yẹn náà ni wọ́n fi ń fa irun àtọwọ́dá gba abẹ́ irun tí wọ́n ti dì mọ́rí. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ ṣe kúróṣè lágbègbè ibẹ̀ lónìí, àga ni wọ́n máa fà sí yín, wọ́n á bi yín irun tẹ́ ẹ rà. Ìyẹn náà ti ń bí Màmá nínú tipẹ́. Àmọ́ ọmọ yìí ò mọ sórí irun nìkan, ó tún ń wo fídíò lórí fóònù, ó sì ti hun bùláòsì kékeré kan fúnra ẹ̀, èyí tí Màmá sọ pé kò bo nǹkan kan.

"Ẹ jẹ́ ká wo fídíò ẹ̀ pọ̀, Màmá," ọmọ náà ní. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ fóònù. Obìnrin Amẹ́ríkà kan ló ń fọwọ́ ṣe é. Ó pọ̀nwú mọ́ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó kì í bọ ojú, ó fà á, ó wá ń tú u ní méjì méjì.

Màmá pariwo. "Dá a dúró! Kí ló pè é?"

"Dọ́bù ni wọ́n pè é, mà."

"Irọ́ ni! Tírẹ́bù nìyẹn!"

"Màmá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Dọ́bù ni."

"Ta ló kọ́ ọ? Ṣé kí n tó bí ìyá tó bí ọ ni n ò ti máa ṣe dọ́bù?"

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà Ọ̀rẹ̀. (Àwọn àgbà mọ ìjà tí wọ́n ń sọ, ti oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí ọmọ ogun Biafra dé Ọ̀rẹ̀.) Ohun tó dunni ni pé àwọn méjèèjì ló jàre. Ìlú òyìnbó méjì ló pín orúkọ náà ní ọ̀nà méjì. Ohun tí àwọn ará Britain ń pè ní dọ́bù, àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní síńgù. Èyí tí Britain ń pè ní tírẹ́bù, òun ni Amẹ́ríkà ń pè ní dọ́bù. Bí wọ́n ṣe ń fi ipò kan yàtọ̀ síra lọ títí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí ìwé kúróṣè kan tí wọ́n ti dárúkọ síngù níbẹ̀, ti Amẹ́ríkà ni, torí ìlànà Britain ò ní síngù rárá.

Ti Britain ni wọ́n sì kọ́ Màmá. Kò lè ṣe kó máà rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ àti òwú wà lára ohun táwọn ìyàwó míṣọ́nnárì kó wá sílẹ̀ Yorùbá. Anna Hinderer tó dé Ìbàdàn pẹ̀lú ọkọ ẹ̀ lọ́dún 1853 kọ́ àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́, àwọn iléèwé ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé e náà ò sì fi í sílẹ̀. Orúkọ tí ìyá tíṣà bá pè é ni tíṣà ń pè é, títí ó fi kan Modern School. Gbogbo ọjọ́ tí Màmá fi ń jà pẹ̀lú òwú, tírẹ́bù ni wọ́n ní kó ṣe, dọ́bù kúkúrú ló ń ṣe. Ta ló máa lè yí abẹ́rẹ́ po ọrùn ohun tí kò lọ́rùn?

Ìgbà tí wọ́n wá mọ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ náà rọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ṣéènì, iye tí mẹ́ta lè pín, wọ́n á fi méjì lé e. Màmá ṣe 110. Ìlà àkọ́kọ́, tírẹ́bù lásán ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìlà kejì ni ọgbọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ṣe tírẹ́bù méjì bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n tó bá di ti ẹ̀kẹta, abẹ́rẹ́ ò ní wọ ojú tó wà lókè. Iwájú ló máa gbà wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tírẹ́bù tó wà nísàlẹ̀, á gba ẹ̀yìn ẹ̀ yọ lódì kejì, bí èèyàn ṣe ń fọwọ́ gbá igi mọ́ra. Òpó yẹn á yọ síta. Nígbà tí wọ́n bá yí iṣẹ́ padà fún ìlà kẹta, èyí tí wọ́n gbá mọ́ra tẹ́lẹ̀, wọ́n á ṣe tírẹ́bù lásán lé e lórí. Àwọn méjì tí wọ́n fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn ni wọ́n á gbá mọ́ra báyìí. Ìlà kejì, ìlà kẹta, ìlà kejì, ìlà kẹta, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe é lọ. Kò lè hàn lójú ẹsẹ̀. Tó bá tó ìlà kẹfà tàbí ìkeje, kòtò á dédé yọ, àfi bí ẹni pé wọ́n fi nǹkan tẹ̀ ẹ́ sójú aṣọ.

Kòtò yẹn ni òògùn òtútù. Atẹ́gùn tó bá há sínú ẹ̀ ò rọrùn láti jáde, atẹ́gùn tó dúró sójú kan sì ni ó ń mú aṣọ móoru, kì í ṣe òwú nìkan. Àmọ́ iṣẹ́ náà ń jẹ òwú bí iná ṣe ń jẹ koríko. Ìdí òwú tí Màmá fi ń hun odindi ṣọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀, ìbú ọwọ́ díẹ̀ ló bo nínú èyí.

Ibẹ̀ ló ti tún kan ìṣòro mìíràn. Ọ̀rẹ̀ ló ti ra òwú, ó ra èyí tó rò pé ó máa tó. Nígbà tó tán, ó tún rán ọmọ onírun lọ síbẹ̀, ọmọ náà sì mú àwọ̀ yìí kan náà wá, láti ọwọ́ oníṣọ́ọ̀bù kan náà. Nínú ilé, kò sí ìyàtọ̀. Wọ́n gbé e síta, sínú oòrùn, ti tuntun pọ́n díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Aró tí wọ́n fi pa òwú lónìí kì í bá ti ọ̀la dọ́gba, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà aró sára ìwé tó wà lára òwú. Ta ló ń ka ìwé ara òwú? Màmá tú ìlà mẹ́rin tó ti fi tuntun hun, ó wá fi í ṣe etí yíká. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ó tún fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kó lè tẹ́ dáadáa, bó ṣe máa ń lọ aṣọ orí àga tó fi òwú gidi hun. Ọlọ́run ló yọ ọ́ tó kọ́kọ́ dán an wò lára èyí kékeré tó fi kọ́ṣẹ́. Púpọ̀ nínú òwú tí à ń pè ní wúùlù lọ́jà wa kì í ṣe irun àgùntàn, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti yọ ọ́. Ó dáa fún ìfọṣọ, torí ẹ̀rọ ò ní sún un kì bó ṣe ń sún irun àgùntàn kì nínú omi gbígbóná. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn iná. Áyọ́ọ̀nù kan án báyìí, kòtò gbogbo pa rẹ́, ó rọ̀ jọwọlọ, kò sì dìde mọ́ láéláé.

Ọ̀sẹ̀ méje ló fi parí ẹ̀. Ọmọ ìjọ kan tó ń lọ sí London gbà á mọ́rù. Ẹ̀rọ tó ń hun nítíìnì pọ̀ láyé, kò tíì sí èyí tó lè hun ojúlówó kúróṣè bí ọwọ́ ṣe ń hun ún. Àwọn obìnrin Ireland fi í gbọ́ bùkátà nígbà ìyàn ńlá tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1845, ọwọ́ náà ni wọ́n lò. Ọwọ́ Màmá sì ń dùn ún lóru láàárín ọ̀sẹ̀ méje yẹn, kò kàn sọ fún ẹnì kan ni.

Ọmọ dé láyọ̀, obìnrin ni. Wọ́n pe Màmá lórí fídíò, gbogbo ilé kún, ọmọ onírun náà wà níbẹ̀. Ọmọ tuntun ń sùn nínú bẹ́ẹ̀dì kékeré ẹ̀. Màmá wo fóònù sún mọ́ ojú. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló bò ó. Kò sí fìlà lórí ẹ̀.

"Kúbùsù mi dà?"

Ọmọ ẹ̀ ṣàlàyé. Ní Britain, láti ọdún 1991 ni wọ́n ti ń kéde pé kí wọ́n máa fẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ tó bá ń sùn, ikú òjijì táwọn ọmọ ọwọ́ ń kú lójú oorun sì ti dín kù gan-an látìgbà náà. Wọ́n tún ní kí ooru má pàpọ̀jù fún ọmọ. Kí yàrá má ju ìwọ̀n Celsius 16 sí 20 lọ, kí ohun tó bá bò ó fúyẹ́, kó má kọjá èjìká ẹ̀, kí wọ́n ṣí fìlà tí wọ́n bá ti wọlé. Nọ́ọ̀sì tó wá wò wọ́n nílé fọwọ́ kan kúbùsù afárá, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n ó nípọn jù fún ibùsùn.

"Ọmọ tuntun, kò dé fìlà," ni Màmá ń sọ ṣáá. Ó kí wọn, ó gbàdúrà, ó pa fóònù. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò pe London. Abẹ́rẹ́ ń bẹ lórí fèrèsé, kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ọmọ onírun dé láti wò ó, ó ní, "Òótọ́ ni wọ́n sọ, wọ́n kàwé." Òótọ́ sì ni wọ́n sọ, kó sẹ́ni tó lè jiyàn sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ní kó má wọ̀lú, tó tún gbọ́ pé aṣọ ẹ̀ ò gbọdọ̀ dé ibùsùn, òótọ́ ò lè pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu.

Wọ́n fi fọ́tò kan ránṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kẹ̀kẹ́ ọmọ ni, níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, kúbùsù afárá wà nínú ẹ̀, ọmọ sì dé fìlà. Màmá wò ó, ó ní ó dáa. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òru ọjọ́ kan ló wá gbà á. Aago mẹ́rin ìdájí ni ní Araromi-Obu, Màmá ti jí sí àdúrà. Aago mẹ́ta ni ní London. Fóònù dún. Ọmọ ẹ̀ ni, iná kékeré kan ló tàn, ó ń fún ọmọ lọ́mú, ojú ẹ̀ ti wọnú.

"Màámi, n ò rí oorun sùn."

"Pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Ṣé o jẹun? Ṣé ẹnì kan bá ọ po omi gbígbóná?"

"Ọkọ mi ń ṣe é." Ó sún fóònù sẹ́yìn díẹ̀. Màmá rí àwọ̀ tó mọ̀, ó rí etí tó pọ́n díẹ̀ ju àárín lọ. Orí itan ọmọ ẹ̀ ni kúbùsù náà wà, ó fi bo orúnkún. "Òun ni mo ń fi bora lóru tí mo bá jókòó báyìí. Ilé máa ń tutù tó bá di àkókò yìí."

Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Ṣé ó kan ẹ̀sẹ̀ rẹ?"

"Rárá o, Màámi. Ti ọmọ lẹ kúkú hun."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́ tán, Màmá ti jókòó síwájú ilé, ó ń ṣírò lórí ìwé. Ó kọ 200 sílẹ̀. Ó yọ méjì kúrò, ó fi mẹ́ta pín ìyókù, kò ku nǹkan kan. Ó pe ọmọ onírun láti ṣọ́ọ̀bù wọn, ó ka owó lé e lọ́wọ́ fún mọ́tò Ọ̀rẹ̀.

"Àwọ̀ wo ni kí n mú wá, Màmá?"

"Èyí tí wọ́n bá ní tó pọ̀ jù. Kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó o sì ka nọ́ńbà ara ẹ̀ kó o tó sanwó."